Ìyá Òkè àti Pákó Tó Hu Ewú

Ìyá tó bí bàbá mi kò fẹ́ràn mi, èmi náà kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí ẹ̀yìn fọ́tò òkú ni mo fẹ́ kọ, níbi tí gbogbo ìyá ti máa ń di aláàánú, tí gbogbo bàbá sì máa ń di òpómúléró. Wọ́n ti tẹ irú èyí fún un. Bàbá Akin, àbúrò bàbá mi, ló kọ ọ́. Ó pè é ní “abiyamọ tòótọ́ tí kì í bínú.” Lọ́jọ́ ìsìnkú, mo rí àwọn ìyá àgbà méjì tí wọ́n ka gbólóhùn yẹn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì pa ìwé náà dé.

Ìyá Òkè là ń pè é, torí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé ní ìlú Oǹdó, kì í sì í sọ̀ kalẹ̀ àfi ọjọ́ Ìsinmi àti ọjọ́ tó bá rí ẹni tó fẹ́ bú nísàlẹ̀. Owó kòkó ni ọkọ rẹ̀ fi kọ́ ilé náà. Níwájú òkè, wọ́n fi pákó tẹ́ fàráńdà kan tó yọ sójú títì, pákó mọ́kànlélógójì tí a bá kà á láti ẹnu àtẹ̀gùn. Ìrókò ni wọ́n fi ṣe é. Òrùlé kò bò ó dé ìdajì, nítorí náà òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, ọyẹ́ sì ń là á. Tó bá ti di ìparí ọdún, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣí, á wá rí bí eérú. Ìyá Òkè kì í sọ pé ó ti gbó. Ohun tó máa ń sọ ni pé pákó ti hu ewú.

Kérésìmesì tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, mo kó àwọn ọmọ mi mẹ́ta láti Ọ̀bà-Ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́, wá kí i. Tómi, àbígbẹ̀yìn mi, jẹ́ ọmọ ọdún méje. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ yí lọ sábẹ́ àga tí Ìyá Òkè jókòó lé ní fàráńdà, ó sì sáré tẹ̀ lé e. Kí n tó la ẹnu, Ìyá Òkè ti gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sókè, ó sì fi gbá ọmọ náà ní ojúgun. Kì í ṣe gbígbá eré. Ojúgun yẹn wú, ó sì dúdú fún ọjọ́ mọ́kànlá. Mò ń kà á.

“Màmá, kí ló ṣe yín?”

“Kó kúrò níbẹ̀.”

“Bọ́ọ̀lù rẹ̀ ló fẹ́ mú.”

“Mo ní kó kúrò níbẹ̀! Ẹ kó ẹsẹ̀ yín kúrò lórí pákó mi. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe ní Àkúrẹ́ nìyẹn, ẹ kì í kọ́ ọmọ.”

Mo gbé Tómi, mo pe àwọn méjì yòókù, a sì sọ̀ kalẹ̀. Nínú mọ́tò tí a wọ̀ padà sí Àkúrẹ́, Tómi bi mí pé kí ló ṣe fún ìyá náà. Mo ní, “O ò ṣe nǹkan kan. Kò fẹ́ràn wa ni. Kò fẹ́ràn wa rí.” Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Oṣù kẹrin lẹ́yìn rẹ̀ ni Ìyá Òkè kú, mi ò sì tíì padà lọ wò ó. Gbogbo ohun tí mò ń kọ sílẹ̀ yìí, torí gbólóhùn yẹn ni. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ fún ọmọ mi tàbí irọ́.

Ẹ̀rí pọ̀ tó fi hàn pé òótọ́ ni.

Ọmọ Àkúrẹ́ ni ìyá mi. Ìyá Òkè ti wo ọmọ tíṣà kan sílẹ̀ fún bàbá mi ní Oǹdó, bàbá mi sì lọ mú ti Àkúrẹ́ wá. Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, kò pe orúkọ ìyá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. “Ọmọ Àkúrẹ́” ló ń pè é, ó sì fi orúkọ náà ṣe ogún fún mi nígbà tí wọ́n bí mi. Tí ìyá mi bá gbàgbé ara rẹ̀, tó sọ “ulé” níbi tó yẹ kó sọ ilé, tàbí tó sọ “uṣu” dípò iṣu, Ìyá Òkè á yíjú sí ẹni tó bá wà nítòsí.

“Ẹ gbọ́ oyìnbó,” á wí. “Ó fẹ́ lọ gbé uṣu nínú ulé. Ẹ sáré mú ìwé wá kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”

Yorùbá inú Bíbélì ni òun máa ń sọ níwájú àlejò. Ṣùgbọ́n tí inú bá bí i dáadáa, èdè Oǹdó ló máa ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí ẹni tó jẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà kan, ìyàwó àlùfáà bi í pé kí ló dé tí kì í fi orúkọ pe ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ìyá mi wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Ó ní, “Orúkọ tí kò sí nínú àdúrà mi, ẹnu mi kò mọ̀ ọ́n pè.”

Nígbà Sáàpù, ètò ìjọba tó mú kí gbogbo nǹkan wọ́n, wọ́n lé bàbá mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé tó ń ṣe ní Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà. A kò rí owó ilé san mọ́ ní Àkúrẹ́, a sì kó lọ sí yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé Ìyá Òkè. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àbúrò mi Dayọ̀ jẹ́ mẹ́rin. Gààrí ni àárọ̀, gààrí ni alẹ́, a sì ń yọ̀ tí epa bá wà níbẹ̀. Ọyẹ́ ni a bá nílé náà, ìgbà tí wọ́n máa ń fọ pákó kí wọ́n tó pa á láró. Aró tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n ń kùn sára ògiri, tó máa ń dúró sójú. Omi dúdú ni, inú igi ló máa ń wọ̀ lọ. Tí ìdọ̀tí bá wà lójú igi, kò ní rí ọ̀nà wọlé.

Ọ̀nà tí Ìyá Òkè ń gbà fọ pákó, mi ò rí i lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Oko rẹ̀ tó wà ní Bọ́lọ́rundúró ni èèpo kòkó ti ń wá. Wọ́n á sá a, wọ́n á sun ún, wọ́n á kó eérú rẹ̀ sínú agbọ̀n tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí, wọ́n á wá máa da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi tó bá kán sísàlẹ̀ máa ń pọ́n bí tíì, ó sì máa ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Òun ni wọ́n ń fi akọ ìgbálẹ̀ fọ̀ mọ́ pákó, ní ìbú ìka márùn-ún lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n máa tẹ̀ lé bí igi ṣe là, kí wọ́n má dábùú rẹ̀. Ìdọ̀tí, ọ̀rá, aró ọdún tó kọjá, àti ewú náà, gbogbo rẹ̀ ló máa ń bó. Omi eérú náà sì máa ń bó awọ ara.

Ìyá mi kò mọ̀. Ìyá Òkè gbé abọ́ omi eérú síwájú rẹ̀, ó ní kó bẹ̀rẹ̀. Kò fún un ní igi tí yóò fi rò ó, kò sì sọ ohunkóhun. Ìyá mi ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyá Òkè dìde láìyára, ó gbé ìkòkò omidùn, omi kíkan tó máa ń wà lórí ògì, ó sì dà á lé e lọ́wọ́. Omidùn ló máa ń pa agbára omi eérú. Òun náà ni wọ́n fi ń ṣan pákó lẹ́yìn fífọ̀. Iná náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n awọ ìka mẹ́rin ti bó.

Ohun tí mo rí nìyí, mo sì lè búra sí i: ìkòkò omidùn náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ìyá mi tó ti ọwọ́ bọ omi. Ó mọ̀. Ó jókòó, ó ń wò ó.

Bàbá mi ní, “Màmá, ẹ ò bá ti sọ fún un.”

Ó ní, “Ẹni tí kò bá béèrè, awọ ara rẹ̀ ni yóò bá a béèrè.”

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ibà mú Dayọ̀. Kò sí owó ilé ìwòsàn. Àgbo ni ìyá mi fẹ́ rẹ fún un, omidùn ló sì fẹ́ fi rẹ ẹ́, ó wá lọ bẹ Ìyá Òkè pé kó fún òun ní ìgò kan. Ìkòkò méjì tó kún ló wà lókè. Mo tẹ̀ lé e gun àtẹ̀gùn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú aṣọ tí wọ́n fi dì í.

“Fún pákó ni,” ni Ìyá Òkè wí.

“Ìgò kan péré, Màmá. Ara ọmọ gbóná gan-an.”

“Mo ti da omi eérú sí pákó méjìlá láàárọ̀ yìí. Tí mi ò bá ṣan án kí oòrùn tó wọ̀, á jẹ ẹ́ wọnú.”

“Ọmọ ọmọ yín ni, Màmá.”

Ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò gbójú sókè. “Ọmọ máa ń sàn,” ló wí. “Pákó kì í sàn.”

Dayọ̀ sàn. Aládùúgbò kan ló fún wa ní omidùn. Lónìí Dayọ̀ ti di bàbá ọmọ méjì, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ náà dápàárá: tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ bá ń rúnú, á ní, “Ọmọ máa ń sàn.” Èmi kì í rẹ́rìn-ín sí i.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo purọ́ mọ́ òkú. Kì í ránni níṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò ní ṣe. Orí eékún ló máa ń wà láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yí, àwa ló máa ń rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó máa ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wá orí ìṣó tó bá yọ, ó sì máa ń fi òòlù gbá a wọlé kí ẹnì kankan tó tẹ̀ ẹ́. Àfọ́kù díńgí ló fi ń fá ibi tó bá rí háráhárá, ó sì mọ̀ ọ́n dì mú débi pé kò gé e lọ́wọ́ rí. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí pákó bá ti gbẹ, á ki ìka bọ omi, á kán an sí ojú igi, á máa kà á. Tí omi bá dúró bí ìlẹ̀kẹ̀, á ní kí wọ́n tún un fọ̀. Tí igi bá fà á mu kó tó ka ẹẹ́wàá, á ní kí wọ́n gbé aró wá.

Ọ̀rọ̀ aró yìí ló dójú ti Bàbá Akin. Nígbà náà kò tíì níyàwó. Ẹgbẹ́ ìyá inú ìjọ ń bọ̀ wá ṣèpàdé nílé, Ìyá Òkè sì ń ṣàìsàn ẹsẹ̀, pákó kò tíì di fífọ̀. Bàbá Akin rò pé òun fẹ́ ṣe é lóore. Ó jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó pa gbogbo fàráńdà láró lórí ìdọ̀tí àti ewú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ń dán. Ìyá Òkè jáde, ó fi èékánná fá a, ó wo abẹ́ èékánná rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan títí àwọn ìyá fi dé, wọ́n lé ní ogún, pẹ̀lú gèlè lórí. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó dí ọ̀nà.

“Ẹ jókòó síta,” ló wí fún wọn. “Ọmọ mi ti kun ẹ̀gbin lọ́dà fún mi, mi ò fẹ́ kí ẹ jókòó lé e.”

Inú oòrùn ni wọ́n ti ṣèpàdé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Bàbá Akin fi fi àfọ́kù díńgí fá aró náà kúrò. Àwọn tó ń kọjá lójú títì ń kí i pé ó kú iṣẹ́, ó ń sunkún. Nígbà tó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó dárí ji òun, ó ní, “Ewú tí a kò fọ̀, aró kì í mú un. Máa fá a lọ.”

Ní ọdún mẹ́fà tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, òun gan-an ló rú òfin náà. Kò fọ pákó mọ́. Ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ẹ̀mù, ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì máa ń tú kúrò lára mọ́tò, ló ń ní kí wọ́n dà lé e lọ́dọọdún, lórí ìdọ̀tí, lórí ewú. Ó tún gbé àga ńlá kan sí àárín fàráńdà, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá àga náà tàbí kó dúró níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń gun àga yẹn, bí ẹni ń gun ẹṣin, àwa sì ń fi rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀ pé ọba ti gorí ìtẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ọ́ìlì náà, inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Mo ní, “Màmá, ẹ ò fọ̀ ọ́ kí ẹ tó kùn ún?”

Ó wo ọwọ́ mi, ó wo èékánná mi. Ó ní, “Ṣé ìwọ lo máa bá mi fọ̀ ọ́?”

Mo ní ọmọ mẹ́ta, mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Àkúrẹ́, nǹkan sì le. Mo ní ó dàbọ̀, mo sì sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà tó kú, bàbá mi ti ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí náà Bàbá Akin ló gba ètò ìsìnkú sọ́wọ́. Mo dé Oǹdó ní ọjọ́ Ajé, ìsìnkú ku ọjọ́ mẹ́rin, mo sì bá kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì dúdú kan ní ẹnu àtẹ̀gùn.

“Orí fàráńdà ni àwọn àna àti àwọn ará ìjọ máa jókòó sí,” ló wí. “Mo fẹ́ kó dán.”

“Bàbá Akin, ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́ ná. Ká wò ó. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ẹnì kankan kò ti rí ojú pákó yìí. Àwọn ọmọdé máa wà níbẹ̀, wọn ò ní dúró jẹ́ẹ́.”

“Ìbẹ̀rù rẹ tún ti dé.” Ó rẹ́rìn-ín. “Fọlákẹ́, ọmọ rẹ nìkan kọ́ ló ní ẹsẹ̀. Ṣé ìwọ tí o kò wá wò ó láàyè lo fẹ́ wá fọ ilé rẹ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni.”

“Pẹ̀lú ojú wo?”

“Pẹ̀lú èyí tí ẹ ń wò yìí.”

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, mo jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn fàráńdà. Ó ní kí n dìde, mo ní mi ò dìde. Ó pè mí ní ọmọ Àkúrẹ́, ó pè mí ní aláìmoore, ó ní ìyá mi ló kọ́ mi. Mo ní kó máa pè mí lọ, ó ṣáà mọ bí wọ́n ṣe ń fá aró tí wọ́n kùn sórí ẹ̀gbin. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá mi dé láti Ọ̀bà-Ilé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ó bá mi níbi tí mo ti ń sẹ́ omi eérú, ó lọ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà méjì lọ́jà, ó gbé ọ̀kan fún mi. Ìyókù ọjọ́ Ajé àti ìdajì ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a fi fọ pákó mẹ́tàdínlógún àkọ́kọ́. Wọ́n le, wọ́n dára. Nígbà tí omidùn kàn wọ́n, àwọ̀ wọn yọ, ó pupa bí ẹyìn tó pọ́n.

Pákó kejìdínlógún ni àga wà lé. A ti àga náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ́ìlì tó wà lábẹ́ rẹ̀ nípọn ju ti ibòmíràn lọ, ó tó ìlọ́po mẹ́ta, bí ẹni pé wọ́n ń dà á síbẹ̀ lọ́tọ̀. Mo fi àfọ́kù díńgí fá a. Díńgí náà wọlé. Kò ha, kò dún, ó wọlé bí ìgbà tí a bá fi ṣíbí gún iṣu sísè. Mo fi ọwọ́ tẹ ìkọkàndínlógún. Ọwọ́ mi wọlé dé ọrùn ọwọ́, mo sì rí sìmẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ láti ojú ihò náà. Pákó tó ṣe ogún náà rí bẹ́ẹ̀. Níwájú àga, lábẹ́ àga, lẹ́yìn àga, láti ògiri títí dé ibi ìfarati. Ibi tí bọ́ọ̀lù Tómi yí gbà nìyẹn. Ibi tó fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé nìyẹn.

Mo fà sẹ́yìn sórí pákó kẹtàdínlógún.

Ìyá mi ló lọ pe Bàbá Jídé, káfíńtà àgbà tó ti ń ṣiṣẹ́ nílé náà láti ìgbà Sáàpù. Ó dé, ó wò ó láti ẹnu ilẹ̀kùn, kò súnmọ́ ọn.

“Igi àfàrà ni mẹ́ta yẹn, kì í ṣe ìrókò,” ló wí kí n tó béèrè. “Èmi ni mo kàn wọ́n. Nígbà tí nǹkan le, ọwọ́ kò ká ìrókò. Mo sọ fún Ìyá nígbà náà pé àfàrà kì í bá omi ṣọ̀rẹ́.”

“Ṣé ó mọ̀ pé wọ́n ti jẹrà?”

Ó wò mí bí ẹni ń wo òmùgọ̀. “Bí òun kò bá mọ̀, ta ló máa mọ̀? Ọdún kẹfà rèé tó ránṣẹ́ pè mí. Ó fi ọ̀pá gún un, ọ̀pá wọlé. Mo ní, Ìyá, ẹ jẹ́ ká yọ ọ́. Ó bi mí pé tí a bá yọ ọ́, tí owó pákó kò sì sí, ta ló máa rí ihò náà. Mo ní gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lójú títì ni. Ó wá ní, ‘Gbé àga mi síbẹ̀.’ Èmi ni mo wọn ẹsẹ̀ àga, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè bọ́ sórí ìtì igi tó gbé pákó dúró, kó má baà bá a já. Ó ní kí n búra pé mi ò ní sọ fún àwọn ará Àkúrẹ́.”

“Àwa?”

“Ẹ̀yin ló wí.”

Ó fi ọdún mẹ́fà jókòó lórí ihò, kí ẹnì kankan má baà tẹ̀ ẹ́. Arúgbó tó lé ní ọgọ́rin ọdún, nínú ọyẹ́, nínú oòrùn, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ títí tí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn fàráńdà. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, mi ò sì mọ ẹlòmíràn tó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò lè yìn ín fún un. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni: pákó ti jẹrà, má tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún méje á gbọ́ ọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta gan-an á gbọ́ ọ. Ó wù ú kí a kórìíra òun ju kí a mọ̀ pé kò lówó pákó mẹ́ta lọ.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá mi. Ó ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní, “Ká ní ó sọ ọ́ ni, ṣé o máa rán pákó wá?”

Mo ní màá rán an.

“Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé ó bi ọ́ bóyá wàá bá òun fọ̀ ọ́.”

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ tèmi náà.

Bàbá Akin ní kí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e, kí a gbé àga padà síbẹ̀ títí ìsìnkú á fi kọjá. Mo ní kí Bàbá Jídé yọ pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú mi, ó sì yọ wọ́n. Ihò náà hàn láti òdìkejì títì. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń nàka sí i.

“O ti tú ìyá mi sí ìhòòhò,” ni Bàbá Akin wí. “Ohun tó fi ọdún mẹ́fà bò, o fi ọjọ́ méjì tú u.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“O ò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀!”

“Mi ò bẹ̀bẹ̀, sà. Tí ọmọ bá já bọ́ níbẹ̀, ta lẹ máa bẹ̀?”

Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Abẹ́ kánópì nísàlẹ̀ ni gbogbo àlejò jókòó sí. Ìyá mi àti èmi parí fífọ pákó tó kù, a kò sì pa á láró, torí kò tíì gbẹ. Wọ́n kan igi méjì dábùú ẹnu ilẹ̀kùn fàráńdà, títí a ó fi rí ìrókò mẹ́ta rà.

Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, kí a tó padà sí Àkúrẹ́, mo mú Tómi gun òkè. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. A dúró sẹ́yìn igi méjì yẹn, mo sì fi ihò náà hàn án, pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tó wà nísàlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí káfíńtà ṣe sọ ọ́ fún mi, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò.

Ó na ọrùn wo ihò náà. “Ṣé torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe nà mí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Kí ló dé tí wọn ò kàn sọ fún mi?”

“Wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.”

“Ẹ sọ pé wọn ò fẹ́ràn wa.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé irọ́ ni?”

Mo ti ń múra sílẹ̀ fún ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ní, “Mi ò mọ̀, Tómi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọn ò fẹ́ kí o já bọ́. Ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ pa ojúgun rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àpá níbẹ̀ mọ́.

“Ó dùn mí gan-an ṣá,” ló wí.

Mo ní òótọ́ ni.